Irọ́ tí Ìyálé Mi Ń Pa fún Nọ́ọ̀sì ní Àràárọ̀

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro ohun tí ojú mi rí ní ọpitáàlì fún yín. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni o! Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹun tán.

Àwa méjì ni ọkọ wa kú fi sílẹ̀ nínú ilé ní àdúgbò Ladjifarani. Ìyálé mi, Alájà Sàlámátù, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé, ọmọ-ọmọ mi ti ń bímọ. Síbẹ̀, "Ìyàwó" ló ń pè mí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ìyálé mi yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ní ọpitáàlì, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sójú kan títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn ọmọ wa kan wà ní ìsọ̀ aṣọ wọn ní ọjà Arzèkè, àwọn yòókù wà ní Kútọnu. Ta ni yóò dúró tì í? Èmi náà ni. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: nọ́ọ̀sì á gún abẹ́rẹ́, á fún un lóògùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀ àti póò tí aláìsàn ń yàgbẹ́ sí, ọwọ́ ará ilé ló wà.

Póò yẹn gan-an ni wàhálà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé, ó wò mí bí ẹni pé ejò ni mo gbé lọ́wọ́. Ó ní, "Tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ìyàwó. Mi ò tíì dọmọ ọwọ́."

N kò bá a jiyàn. Òun ló fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Báwo ni èmi yóò ṣe wá máa fọ ìdí rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá láàárọ̀, ọmọ Bàrìbá ni, Bàké lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ èdè Dẹ́ndì tí gbogbo wa fi ń nájà, òun la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè bóyá Màmá ti yàgbẹ́. Ìyálé mi á ní, "Alhamdulilahi, ó ti lọ, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́." Bàké á kọ ọ́ sínú ìwé, á kọjá.

Ìgbà wo ló lọ? Èmi kò rí i! Nígbà tí mo bi í, ó ní ìgbà tí mo lọ ra búrẹ́dì ni, pé ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wa ló bá òun gbé póò. Lóòótọ́, àràárọ̀ ló ń rán mi ní búrẹ́dì. Búrẹ́dì tí kì í jẹ!

Ṣé kò yẹ kí n fura? N kò ní purọ́ fún yín, mo fura. Ṣùgbọ́n ara tù mí pé kì í ṣe èmi. Mo gbé irọ́ yẹn mì bí ẹni gbé omi tútù mì.

Oúnjẹ wá ń dín kù. Tí mo bá gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó di ṣíbí méjì. Omi, àfi èyí tó fi gbé oògùn mì. Tí mo bá ní kó mu sí i, á ní, "Ìyàwó, ṣé kànga lo fẹ́ gbẹ́ sínú mi ni?" Àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ńṣe ló ń ti ẹnu pa, kí ìsàlẹ̀ má baà bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, mo ti ìdí búrẹ́dì dé, mo gbọ́ òórùn. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ ti tutù. Ìgbẹ́ ni, ó ṣàn bí omi. Ó kọjú sí ògiri, ó fi ìborùn bo ojú. Mo nu ún, mo pààrọ̀ aṣọ.

Mo ní, áà, ìgbẹ́ gbuuru ti dé! Obìnrin tó ń lọ dáadáa lójoojúmọ́, ó ti wá pọ̀ jù nìyẹn. Mo gun ọ̀kadà zẹ̀mí lọ sílé, mo já ewé gúáfà lẹ́yìnkùlé, mo sè é títí ó fi dúdú, mo dà á sínú fúláàsì. Kí ni mo fẹ́ máa bi nọ́ọ̀sì sí? Ewé tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́fà!

Ó mu ún. Ohun kan ṣoṣo tó mu láìjanpata nìyẹn, nítorí òun náà fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, ikùn rẹ̀ ti le, ó yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ. Ó bì. Ó wá ń pariwo pé kí a kó aṣọ wọlé, òjò ń bọ̀. Oòrùn sì ń ràn! Ó fẹ́ dìde lórí egungun tó ṣẹ́. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo ń ké sí nọ́ọ̀sì.

Bàké dé, ó tẹ ikùn náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ó ní ìgbẹ́ ti dì pa bí òkúta níbẹ̀, pé omi tí a ń rí, ẹ̀gbẹ́ òkúta náà ló ń gbà jáde, pé ìgbẹ́ náà àti àìmumi ló dà á lórí rú. Ó ní ọjọ́ wo ló lọ gbẹ̀yìn ní tòótọ́?

Mo yíjú sí ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì. "Ìwọ lo ń bá wọn gbé póò, àbí?"

Ó la ẹnu. "Èmi kẹ̀, Màmá? N kò gbé e fún wọn rí!"

Mo yíjú padà sí ìyálé mi. Ó ṣì ń pariwo òjò.

Bàké bèèrè ohun tí mo ti fún un. Mo mú fúláàsì jáde. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní oògùn ìrora tó ń lò ń mú inú le, ìdùbúlẹ̀ ń mú un le, àìmumi ń mú un le, ewé mi sì tún wá dè é pọ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún mi. Ó kàn mi orí, ó ní, "Èmi náà, ẹnu ni mo fi ń bi í. N kò wo póò lọ́jọ́ kan."

Ìka ló fi máa yọ ọ́. Kò sí aṣọ ìkélé ní wọ́ọ̀dù wa. Mo tú ìró òkè mi, mo nà án láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àwọn èèyàn.

Ìyálé mi ń ké. "Ìyàwó, dá wọn dúró! Ìyàwó, ṣé o kàn ń wò wọ́n ni?"

Tí mo bá sọ aṣọ sílẹ̀ kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, gbogbo wọ́ọ̀dù á rí ìhòòhò rẹ̀. Tí mo bá di aṣọ mú, òun nìkan ni yóò máa sunkún. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀yin ìbá ṣe?

Mo di aṣọ mú. Mo ń sọ pé, "Alájà, ẹ forí jì mí, ẹ forí jì mí," títí Bàké fi ní ó tó fún òní.

Wọ́n ń rọ omi sí i nídìí láti fi fọ inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Ikùn rọ̀, èébì dúró. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò. Dókítà ní ó lè padà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má padà tán. Iṣẹ́ abẹ ti di ìgbà tí ara bá le. A ṣì wà níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ó ń jẹ́ kí n gbé póò sí òun nídìí. Kì í bá mi jà mọ́. Á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé." Ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ ló rò pé mo jẹ́. Èmi náà á ní, "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi."

Ẹ̀yin tí àgbà yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọpitáàlì, ẹ má fi ẹnu nìkan bi wọ́n, ẹ wo inú póò. Tí ó bá di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Tí ó bá wá ń ṣàn bí omi lẹ́yìn náà, ẹ má sáré ja ewé bíi tèmi. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ná. Kí ẹ sì wá nǹkan fi ké ojú bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ìtìjú má baà pa ẹni ẹlẹ́ni.

Ta ló ti dúró ti àgbà rí nínú yín? Báwo lẹ ṣe bi í tí kò fi purọ́ fún yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí àwọn ọmọ mi náà rí i kà. Èmi náà ń darúgbó, mo sì mọ ara mi: tó bá kàn mí, irọ́ yẹn gan-an ni n ó pa.