Ọjọ́ Tí A Kọ Òtítọ́ Sínú Ìwé Práátíkà

Ọdún tó kù ká jáde ní yunifásítì tí a ń kà láti ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Festac. Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ bá láàbù ní ṣíṣí, ẹ má rò pé ó ṣí fúnra rẹ̀.

Láyé tiwa, títì ni láàbù máa ń wà, inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni máíkírósíkóòpù wà, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, àlejò pàtàkì nìkan ló ń rí i. Fídíò làwa ń wò. Bí òyìnbó inú fídíò bá la ọ̀pọ̀lọ́, àwa náà á kọ ọ́ sínú ìwé práátíkà pé a là á, a sì rí ọkàn rẹ̀. Èmi fúnra mi gba máàkì tó jọjú lórí ọkàn tí n kò fojú kàn rí.

Ìyá Tolú, ọ̀kan nínú wa ní kíláàsì, ni kò lè fara mọ́ ọn mọ́. Ilé ìwòsàn kan ní Amúwo ló ti ń gbálẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ṣèlérí pé bó bá jáde, òun á gbé e sí láàbù wọn, bó bá ti lè lo máíkírósíkóòpù lójú òun.

"Bọ̀dá Aṣojú," ó pè mí, torí èmi ni aṣojú kíláàsì, "lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ yẹn síwájú mi, ṣé kí n ní kí wọ́n tan fídíò ni?"

A lọ bá olùdarí ibùdó. Ó fẹ́ràn oyè débi pé orúkọ rẹ̀ ló ń dé kẹ́yìn lórí káàdì rẹ̀.

"Ayé ti di ti kọ̀ǹpútà," ó ní. "Ojú inú ni kẹ́ ẹ máa fi kẹ́kọ̀ọ́."

"Ìròyìn ò tó àfojúbà, sà," Ìyá Tolú dáhùn. "Àbí kẹ́yin náà wo fídíò ẹ̀bà lọ́sàn-án òní, ká mọ̀ bóyá ẹ ó yó?"

Ó lé wa jáde. Ó ní ká tètè kọ ìwé práátíkà wa wá, àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ láti olú ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn kan nínú wa ní ká fẹ̀hónú hàn, ká lọ dí ọ̀nà ní Mile 2.

"Mile 2 tó ti dí látàárọ̀?" mo bi wọ́n. "Ta ló máa mọ̀ pé àwa la dí i?"

Ìyá Tolú ní ká kọ ìwé náà, ká ṣá má parọ́. Gbogbo wa sì kọ ọ́. Irinṣẹ́: ilẹ̀kùn kan, àgádágodo kan. Ohun tí a rí: wọ́n mú iná lọ kí òyìnbó tó gbé ọ̀bẹ. Àbájáde: ọ̀pọ̀lọ́ náà wà ní àlàáfíà.

Olùdarí kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ènìyàn ńlá kì í ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi rìbọ́ọ̀nù dì í, ó gbé e fún àwọn aṣàyẹ̀wò. Màmá àgbà kan nínú wọn ka ìwé kan, ó ka ìkejì, ẹ̀rín pa á. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó yíjú sí olùdarí.

"Dókítà, kọ́kọ́rọ́ láàbù ńkọ́?"

Wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ títí. Jórinjórin kan láti Mazamaza ló wá gé àgádágodo.

Ní Sátidé, Ìyá Tolú ló kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Awọ àlùbọ́sà ló ń wò.

"Yéè! Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tò bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri!"

"Ìyá Tolú, ẹ dìde, àlùbọ́sà ò ní sá lọ!"

"Ẹ jẹ́ n wò ó jàre. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ ọ́ pé mo rí i."

A jèrè láàbù. Ìyá Tolú ti kúrò nídìí ìgbálẹ̀. Ọdún mẹ́rin tó lọ, ó lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ṣì jẹ àwọn tó jáde ṣáájú wa ní gbèsè, àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí wọn kò rí. Ọ̀kan nínú wọn, tíṣà bàólọ́jì, wá ní Sátidé kejì, ó rọra tò sẹ́yìn wa. Olùdarí ní orúkọ rẹ̀ kò sí lára tiwa.

Ìyá Tolú dìde lórí àga.

"Àǹtí, ẹ wá jókòó."