Àádọ́rin Ọdún Lẹ́nu Géètì

Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì ti Oǹdó ní ọ̀sẹ̀ kan ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ni mo wí. Ilé-iṣẹ́ kan kọ́ ilé ìsinmi sí ọ̀nà Ìjàrè, wọ́n pín ọdún sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń tà á fáwọn tí wọ́n ń pè ní mẹ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ ni Oyèníyì rà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń jáde nínú ilé oníyàrá mẹ́fà tó fi òógùn ara rẹ̀ kọ́, tó ń lọ sùn nínú yàrá kan ní Àkúrẹ́, tó sì ń pe ìyẹn ní ìgbádùn.

Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀, Silas káfíńtà, wọ inú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni mo pè é, àmọ́ Oyèníyì fi ọdún mẹ́ta ju Silas lọ, òun ló sì máa ń pọ̀n ọ́n kọjá odò lọ síléèwé nígbà èwe wọn. Títí dòní, Silas tórí ẹ̀ ti funfun kì í kí i láìdọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n Níyì." Oyèníyì á wá wo ọ̀tún wo òsì, kó lè mọ̀ bóyá àwọn èèyàn rí i.

Wàhálà dé nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣí ọgbà ìṣeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsinmi ọ̀hún, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè. Iye tí mẹ́ńbà ń san kò fi kọ́bọ̀ dín sí ti ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ọdún méjì ni Oyèníyì fi fa Precious, ọmọ-ọmọ rẹ̀, padà lẹ́nu géètì, tọ́mọ ń sunkún, tí Monílọ́lá ìyá ọmọ sì ń yọ owó nínú báàgì.

"Bí o bá san án, Monílọ́lá, o ti tà mí nìyẹn! Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá wọn bọ̀!"

Ló bá mú bírò. Akọ̀wé ni nídìí iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, lẹ́tà kì í sú u. Ìkọkànlá ló wọ̀ wọ́n lára: "Bí ẹ kò bá lè bu ọlá fún gbogbo wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mẹ́ńbà tó ti pé àádọ́rin ọdún. Kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, òun àti àbúrò àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Ilé-iṣẹ́ gbà. Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ géètì, Oyèníyì sì kà á fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, ó wọ agbádá, ó di Precious lọ́wọ́ mú, Silas àti Monílọ́lá ń bọ̀ lẹ́yìn. Wúrà, ọmọbìnrin ẹnu géètì, gba káàdì rẹ̀, ó wò ó.

"Bàbá, ẹ kò tíì pé o. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ló wà níbí."

Irọ́ Oyèníyì fúnra rẹ̀ ni káàdì ń pa. Nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́ ìjọba, ó lọ búra ní kóòtù, ó gé ọdún méje kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì pẹ́ níbẹ̀, ó gbowó oṣù ọdún méje tí kò yẹ kó gbà. Ta ni yóò wá dúró ní gbangba, kó pe ara rẹ̀ lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, kí àwọn tó ń san pẹ́ńṣàn gbọ́? Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Silas ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Iye ọdún tó lò láyé gan-an ló wà nínú káàdì tiẹ̀: àádọ́rin géérégé. Wúrà kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá àgbà." Ó wo Oyèníyì, ó wá bi Silas. "Ṣé àbúrò yín ni wọ́n, sà? Wọ́n lè tẹ̀lé yín wọlé."

Silas yíjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Monílọ́lá ti ń ṣí báàgì. Precious ò wo ẹnikẹ́ni; kẹ̀kẹ́ ńlá ló ń wò. Ojú ti Oyèníyì, ó tì í dénú egungun. Ó wo ọmọ, ó wo òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Àbúrò wọn ni mí."

Precious gun kẹ̀kẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Oǹdó, Oyèníyì rọra bẹ Silas pé kó jọ̀ọ́, kó má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Silas fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Mo ti gbọ́, àbúrò," ó ní. "Má yọ ara ẹ lẹ́nu."