Máàpù Ọ̀nà Oko Wa

Èmi ni mò ń tọ́jú ìkànnì ìtàn ìlú wa lórí ayélujára. Ìlú kékeré ni, kò jìnnà sí Rórẹ́. Bí ọ̀kadà bá ń sáré, kí o tó ka ilé mẹ́wàá o ti kọjá wa. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ní kí ẹnì kan máa kọ ìtàn ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Gbogbo ìpàdé yíjú sí mi, torí pé èmi nìkan ni wọ́n mọ̀ tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti lọ, mi ò sì rí àwáwí ṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ dá ìjà sílẹ̀. Mo kọ orúkọ agboolé tó kọ́kọ́ tẹ̀dó, agboolé mẹ́ta mìíràn sì ránṣẹ́ pè mí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá kan tilẹ̀ ní kí n wá fi ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà han òun. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo wá sọ fún ara mi pé oko ni mo máa kọ. Ọ̀nà oko, odò, àpáta, ahéré: ta ló máa tìtorí odò pè mí lẹ́jọ́?

Àbúrò ìyá mi ló mú mi rìn. Bàbá ni mò ń pè é. Àgbẹ̀ paraku ni, oníṣu, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ igbó wa ju bí mo ṣe mọ yàrá mi lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi rìn. Kò síbi tí kò ní orúkọ. Ó fi Àpáta Abiyamọ hàn mí, níbi tí obìnrin kan ti bímọ nígbà tó ń ti oko bọ̀, tó dìde, tó gbé ọmọ àti igi ìdáná rẹ̀ wálé. Ó fi odò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn hàn mí, àti ọ̀nà àbùjá tó já sẹ́yìn oko àwọn ará Ẹ̀sìẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "ṣé ibi tí oyin ti lé mi wọ odò náà o máa kọ ọ́?"

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo kà á fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo ya máàpù, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì. Tíṣà ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ láàbọ̀. Mo kọ orúkọ ẹni tó ni ahéré kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán Bàbá, mo kọ ọ́ pé ojoojúmọ́ ló ń dá lọ sóko lẹ́yìn ìrun àárọ̀, pé ibẹ̀ ló ti ń kírun àlàsárì kó tó máa bọ̀ wálé. Mo rò pé mò ń yìn ín ni. Àwọn ọmọ ìlú kọ̀wé wá láti òkè òkun, inú mi sì dùn débi pé mò ń ka ìwé wọn sókè fún ara mi nínú ilé.

Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi jí Bàbá gbé lọ́nà oko.

Lọ́jọ́ kejì, olórí àwọn ọdẹ wá sílé mi. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Máàpù mi ló wà lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ya èyí, Mà?"

"Èmi ni."

"Ọ̀nà wo lẹ ò wá yà síbẹ̀?"

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn yọ ọ́ kúrò. Ì bá sàn kó bú mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́: mo ti fi òwe náà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò fi kọ́ ara mi. Mo pa máàpù rẹ́, mo pa àwòrán rẹ́, mo pa ohùn Bàbá rẹ́ lórí ìkànnì àti nínú fóònù, bí ẹni pé bí mo bá ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n á dá a padà.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá mi jà. Mò ń lọ jókòó tì í lójoojúmọ́, a jọ ń ṣa ẹ̀wà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bi mí láìgbójú sókè pé, "Àkókò tí wọ́n mú un yẹn, ṣé ibi tó o kọ ọ́ sí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, àdúrà mi yí padà. Kì í ṣe pé kí Bàbá padà wálé nìkan ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún mọ́, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ pé èmi ni mo fà á. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ó lè jókòó gbọ́rọ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Dìde," ó ní. "Wọn ò rí máàpù kankan. Wọn ò mọ ọ̀nà rárá."

Ara mi fúyẹ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Èmi ni mo mú wọn lọ," ó ní. "Wọ́n bi mí níbi tí omi wà, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n bi mí níbi tí èèyàn kì í gbà, mo fi hàn wọ́n. Gbogbo ibi tí mo fi hàn ọ́ náà ni. Ìdí nìyẹn táwọn ọdẹ ò fi bá wa."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Èmi, tíṣà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè tún orúkọ àwọn ibi náà kà fún mi lọ́jọ́ mìíràn? Mi ò ní gbé e síta. Mo kàn fẹ́ kó wà ni."

Kò bínú. "Má kọ ọ́ mọ́. Jẹ́ kí igbó bò ó. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tí wọ́n máa ní kó fi han àwọn."

Igbó ti ń bò ó. Kò sẹ́ni tó ń kọjá ahéré àkọ́kọ́ mọ́. Àwa tí à ń ta gààrì ní Òmù-Àrán tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ la ti ń lọ rà á báyìí. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni Bàbá ń jókòó sí látàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ bíi ti akọ̀wé. Ìkànnì ṣì wà. Ìkéde òkú ló kún inú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti òkè òkun. Ìyá rẹ̀ kú sọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Kó tó kú, odò kan tó ti máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ nígbà tó wà lọ́mọge ló ń sọ ṣáá, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí òun lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tòun.

Mo mọ odò náà. Mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo kọ̀wé padà sí i pé mi ò mọ̀ ọ́n.