Àmọ̀sù Kì Í Tú Ìwé Inú Páálí

Ogun pín Bouaké ní Côte d'Ivoire sí méjì, àwọn ará àdúgbò Koko ń di ẹrù, Àmọ̀sù ń gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Iná jó ọjà, ó tẹ́ tábìlì sórí eérú, ó sì ń ta ohun tó ṣẹ́kù ní iye tó ń tà á tẹ́lẹ̀. Àtọ̀gbẹ mú un lẹ́sẹ̀, dókítà ní kí ó máa fi ọ̀pá rìn. Ó ní ọ̀pá wà fún ẹni tó bá ti darúgbó. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọkùnrin inú eré kọ̀ǹpútà rẹ̀ rì wọ inú ilẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó retí pé ojú yóò tì í.

Ìtàn yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé. Ní ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Koko ni, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àmọ̀sù ti fi ìsọ̀ tó ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lé ọmọ lọ́wọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré kan sínú kọ̀ǹpútà: oníṣòwò Anago kan, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, dúró nídìí ọjà rẹ̀, ẹni tó bá ń ṣeré yóò máa ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà sára ògiri. Oníṣòwò yọ nínú agbádá aláwọ̀ ewé, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó rọra gba inú ilẹ̀ ọjà kọjá lọ, tòun ti fìlà. 

"Ó lọ ra iṣu ní Djébonoua ni," Àmọ̀sù wí. "Ẹ jókòó, yóò dé."

Sàbítù aláṣọ, tí ìsọ̀ rẹ̀ ti dojú kọ ti Àmọ̀sù láti ìgbà èwe wọn, ni ó rẹ́rìn-ín jù. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì sílẹ̀. Olúkúlùkù ní òun ni àgbà. Eré yìí ni wọ́n wá fi pinnu rẹ̀: bí ó bá ṣiṣẹ́, Sàbítù yóò máa pe Àmọ̀sù ní ẹ̀gbọ́n títí ayé; bí kò bá ṣiṣẹ́, Àmọ̀sù ni yóò máa pe Sàbítù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Láàrin àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Bouaké, àbúrò ni í kọ́kọ́ kíni, òun ni í dìde lórí àga, òun náà ni í jẹ ẹran tó bá kù.

"Pè mí," Sàbítù wí. "Mo ń gbọ́."

"Jẹ́ kí ó ti Djébonoua dé ná."

Wọ́n sún un sí Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó fa ìtìjú náà kò jìnnà. Qoreebah, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà, ni ó fi ètò tí a fi ń ṣe eré sínú ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó tẹ ìwé ìlànà rẹ̀ jáde, ó fi ọ̀rá dì í, ó sì gbé e fún un.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ ka èyí o."

"Kí ni o pe nǹkan ọ̀hún?"

"Ẹ́ńjìnnì eré ni wọ́n ń pè é."

"Ta ló ń ta ẹ́ńjìnnì nílùú yìí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ?"

Ìgbéraga nìkan kọ́. Òfin òwò ni. Ìwé inú páálí, ti oníbàárà ni. Oníṣòwò tó bá tú u, ọjà rẹ̀ ti di France-au-revoir, bí wọ́n ṣe ń pe àlòkù ní Bouaké, iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Gbogbo ayé Àmọ̀sù ni ó fi ta ẹ̀rọ tí kò ka ìwé rẹ̀ rí. Ó gbé ti Qoreebah sórí àpótí nínú ọ̀rá rẹ̀, bóyá ẹnìkan yóò wá ra ẹ́ńjìnnì náà lọ́jọ́ kan.

Ó wá ń tẹ ohun tó bá rí. Àgbò kan ṣoṣo ni ó fẹ́ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọjà. Àgbò kún ojú kọ̀ǹpútà títí ẹ̀rọ náà fi ń mí bí ẹni tó gun òkè. Àmọ̀sù yọrí lójú fèrèsé, ó ké sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n má tíì ra ti iléyá, pé owó àgbò ń bọ̀ wálẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá fi lẹ́tà pupa sọ fún un pé àṣìṣe mẹ́wàá ni ó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, yóò fa àga sún mọ́ ọn. "Mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Gba mẹ́ta." Ẹ̀rọ kò fèsì. "Ó dáa, mẹ́rin, nítorí pé ọjà àárọ̀ ni." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àmọ̀sù pàdé oníṣòwò tó le ju òun lọ.

Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà rì, àánú ṣe Qoreebah. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe. Kò ní pẹ́ rárá."

"Bí o bá bá mi tún un ṣe, ìwọ ni Sàbítù yóò máa pè ní ẹ̀gbọ́n."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Sèlíátù ìyàwó rẹ̀ bá a lórí ẹní. Ọ̀rá ti ya. Ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ìlà kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ìwé náà kò fi ohunkóhun pa mọ́: ilẹ̀ tí a bá yà, àwòrán lásán ni, àfi kí a fún un ní ara líle, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó bá dúró lé e yóò rì. Ojú ìwé kejì ni ó wà.

"Ìyá Mọ́nsúrátù, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ yìí wá, wọn kò sì sọ fún mi?"

"Wọ́n sọ ọ́, Bàbá Mọ́nsúrátù. Ẹ̀yin ni ẹ fi ọ̀rá dé wọn lẹ́nu."

Nígbà tí Jímọ̀ pé, oníṣòwò náà dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ ọjà rẹ̀. Sàbítù ná iná alùpùpù kan lọ́wọ́ rẹ̀ títí òógùn fi bò ó. Ọkùnrin inú ògiri kò dín ohunkóhun. Sàbítù wo ilẹ̀ náà, bóyá yóò tún là. Kò là. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí, bí ẹni tó gbé ewúro mì.

Láti ọjọ́ náà ni Àmọ̀sù ti gba àga ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ tó kọjá lára rẹ̀ láìdáhùn.

"O ti ka ìwé?"

"Bàbá, mo ti wo fídíò rẹ̀."

"Èmi náà wo àgbò."

Ó kú nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń mú Sàbítù ní dandan mọ́, síbẹ̀ "ẹ̀gbọ́n mi" ni ó ń pè é dòní. Ó sì ti ń wá sí ilé àwọn ọ̀dọ́ báyìí lẹ́yìn ìrun Àsárì, pẹ̀lú awò lójú, láti ka ìwé inú ọ̀rá yẹn. Kò tíì dé ibi tó ń wá. Bí wọ́n bá bi í léèrè, yóò ní ẹ̀gbọ́n òun ni ó fà á. Nígbà tí ó lọ wo Àmọ̀sù kẹ́yìn lórí ibùsùn àìsàn, ó gbé kọ̀ǹpútà náà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí, kí ọkùnrin yìí lè dín owó iná náà kù fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Àmọ̀sù la ojú.

"Ó wà nínú ìwé. N ò ní fi hàn ọ́."