Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlógójì Tó Kọ̀ Láti Sún

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà kan tí wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí Soweto já, èmi yìí ni mo fi ọwọ́ ọ̀tún di etí kan mú, mo fi ọwọ́ òsì di èkejì, iná gba àyà mi kọjá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wo bọ́ọ̀lù wọn parí. Mo tilẹ̀ sùn díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ béèrè lọ́wọ́ wáyà náà.

Ó dáa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa so wáyà sínú páńẹ̀lì, ìyẹn àpótí irin tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Roodepoort, ìlú kan tí kò jìnnà sí Soweto, ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ọ̀gá wa ni Bra Themba (ẹ̀gbọ́n ni "Bra" lẹ́nu àwọn ará ibí), ọmọ Sùlú, ẹni jẹ́jẹ́ ni, àfi tí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ẹni tó ń ya àwòrán iná fún wa ni Ìbùkún, ọmọbìnrin wa kan láti Ìbàdàn, injiníà tó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. "Dádì" ló ń pè mí. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, injiníà ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ẹ wo ayé.

Gbogbo wáyà inú páńẹ̀lì ló ní nọ́ńbà. A máa ń fi òrùka rọ́bà kékeré kan, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, wọ orí wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lọ́la má baà ṣì í. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí o bá ti rí nọ́ńbà kan náà, wáyà kan náà ni. So wọ́n pọ̀.

Láyé tiwa, pẹ́ńsù la fi ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà Ìbùkún ló ń pín in fúnra rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ọmọ náà bá fi ẹyọ wáyà kan kún àwòrán, gbogbo èyí tó kù á sún. Mo ti wọ òrùka 36 fún wáyà kan, kọ̀ǹpútà ní ó ti di 38. Mo gé e, mo wọ 38 fún un. Ó di ọjọ́ kejì, ó ti di 41. Ṣé wáyà ni àbí ọmọ tó ń dàgbà? Wọ́n tún yọ àwọn wáyà kan, ó padà di 36.

Inú bí mi. Mo ní, "Ìbùkún, ṣé o ò lè sọ fún nǹkan yẹn kó fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà?"

Ó ní, "Ó ṣeé ṣe, Dádì. Mo lè tì wọ́n pa kí wọ́n má sún mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá tì wọ́n..."

"Kò sí ṣùgbọ́n níbẹ̀. Tì wọ́n pa. Wọn ò tíì já ìyá ẹ lẹ́nu ọmú tí mo ti ń so wáyà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Ó tì wọ́n pa.

Ilé búrẹ́dì kan ní Soweto ló ni páńẹ̀lì ọ̀hún, fún mọ́tò tó ń po ìyẹ̀fun. Kò pẹ́, oníbúrẹ́dì ní mọ́tò méjì lòun fẹ́. Ìbùkún ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe: ó ṣe ẹ̀dà ojú ìwé mọ́tò kìn-ín-ní, ó sọ ọ́ di ti ìkejì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Mo rí 36 níhìn-ín, mo rí 36 lọ́hùn-ún. Òfin ni òfin. Mo so wọ́n pọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni oníbúrẹ́dì wá dán an wò. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́tò kìn-ín-ní. Mọ́tò méjèèjì jọ gbéra.

Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ń wo mọ́tò kejì. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun máa ń ki apá bọ inú ọpọ́n láti ha ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Tí apá ẹnì kan bá wà nínú ìkejì nígbà tí ẹlòmíràn tẹ ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ta ni yóò dáhùn? Ó ní òun ń lọ jẹun, òun á padà ní aago mẹ́rin. Tí kò bá tíì dáa, òun á gbé iṣẹ́ òun lọ síbòmíràn.

Bra Themba ní, "Eish," bí àwọn ará ibí ṣe ń kédàárò. Ó kọjú sí Ìbùkún, ó ní ọjọ́ yẹn lòun ìbá buwọ́ lu lẹ́tà tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ pátápátá. Gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí. Láìsí lẹ́tà yẹn, kò sí pẹ́míìtì, ìwé tó ń jẹ́ kí àjèjì ṣiṣẹ́ níbí. Láìsí pẹ́míìtì, ọmọ náà á kó ẹrù padà sílé.

Ìbùkún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kó pín nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà àwọn ojú ìwé tuntun yòókù sún, ti mọ́tò méjèèjì kò mira. Ó tún un ṣe. 36 wà níbẹ̀ gbọnin, ó ń wò wá. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. 36.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní kó tẹ gbogbo ojú ìwé jáde, kó tẹ́ wọn sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo di ojú, mo ń rìn lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ìkeje, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi gbóná. Mo ní, "Ọmọ mi, nígbà tí o ṣe ẹ̀dà ojú ìwé yìí, o ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ tí o fi tì í mọ́ ọn."

Ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ṣí gbogbo nọ́ńbà tó wà ní títì. Ó tẹ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ojú ìwé mọ́kànlá ni o, gbogbo nọ́ńbà inú wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹyẹ ẹ̀gà tí wọ́n sọ òkò sí láàárín, wọ́n sì tún bà, olúkúlùkù lórí ẹ̀ka tirẹ̀, kò sí wáyà méjì tó jọ ń jẹ́ nọ́ńbà kan mọ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í tu tuntun jáde. Ádámù pàápàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sọ ẹranko lórúkọ! Mo ṣí fìlà.

A gé, a tú, a wọ òrùka. Aago mẹ́rin, oníbúrẹ́dì tẹ bọ́tìnnì. Mọ́tò kan gbéra. Ìkejì dákẹ́ bí òkúta. Bra Themba ní, "Shap," ìyẹn ni pé ó dáa. Ó wá béèrè ẹni tó ti nọ́ńbà pa. Mo bọ́ síwájú, mo fọwọ́ sáyà, mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n tì í.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ bá ní "ṣùgbọ́n", ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ orí kì í ya àwòrán iná. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, tó wá jẹ́ pé ohun tó fẹ́ sọ gan-an ni ìbá gbà yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni.

Ǹ bá dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbùkún máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Nítorí náà, èyí tí mo fi kún un nìyí. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò gbóná. Mi ò rìn lórí ìwé kankan. Tíì ni mo ń mu nígbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ rí àṣìṣe náà. Nígbà tí Bra Themba béèrè ẹni tó tì í, inú kọ́ọ̀bù ni mo ń wò. Ìbùkún ló dáhùn, ó ní òun ni, òun gbàgbé láti ṣí i ni. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Bra Themba ní òun kò ní buwọ́ lu lẹ́tà, ó fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yà mí lẹ́nu, àmọ́ ọmọ yẹn ni mi ò tíì lè sọ tán.

Ọjọ́ Ajé ni mo tó lọ bá ọ̀gá. Gbogbo robot, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, tó tan pupa, tó dá takisí wa dúró láti Newtown, ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní nígbà mìíràn kí n mú òótọ́ wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó wá mú bírò, ó buwọ́ lu lẹ́tà náà.

Ohun tí mo ṣe nínú gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́.