Òkúta Tí Kò Yí Àwọ̀ Lójú Yísà

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, kí eyín kan ṣoṣo tó kù mí lẹ́nu já sínú ẹ̀kọ àárọ̀ mi, kí n sì gbé e mì. Yísà onílántànà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, orí ẹní kan náà la jọ wà. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ọwọ́ ẹnì kẹta.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ lántànà mọ́. Òkúta pupa kan ni, ó le ju ọkàn ahun lọ. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé e wá sí Ìlọrin. Àwọn bàbá wa a jókòó tì í, wọn a máa yí i lórí ọlọ, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sùúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, wọn a lu ihò sí i, títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba ń fi sọ́rùn. Yísà ṣe iṣẹ́ yìí fún ogójì ọdún, títí orí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi kú. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yinná lé e lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń yan ẹran.

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ oníke gba ọjà, iṣẹ́ lántànà kú. Yísà kò bá a kú. Ó di adájọ́ òkúta. Ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà a jọ gbé òkúta wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Gàmbàrí, òfin kan ló sì wà níbẹ̀: bí òkúta bá ti bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Yísà, kí olùtà pa ẹnu mọ́, kí olùrà pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ṣáájú adájọ́ ti jẹ̀bi. Yísà á fi ahọ́n kan òkúta náà, torí òkúta gidi tutù ju ìgò lọ. Á fi ha ìdí ìgò, kó mọ̀ bóyá yóò fi ojú àpá sí i. Á gbé e sí oòrùn, á wá pe àwọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá pè ni wọ́n á fi ná an.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Yísà kò dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kó já ata tó pọ́n wá. Èyí tí kò pọ́n ló já kún igbá. Ẹgba tó jẹ lọ́jọ́ náà, àwọn ẹyẹ orí igi ló bá a sunkún. Ó mọ̀ láti ìgbà yẹn pé ohun kan wà tí gbogbo ayé ń rí tí òun kò rí, ó sì pa ẹnu mọ́. Iṣẹ́ lántànà ló kọ́kọ́ bò ó láṣìírí: gbogbo lántànà ló pupa, ta ni yóò béèrè? Nígbà tó di adájọ́, Ràúdátù ìyàwó rẹ̀ ló di ojú rẹ̀.

Òwú ni Ràúdátù ń tà fún àwọn ahunṣọ. Obìnrin tó lè dá oríṣi pupa mẹ́tàdínlógún mọ̀ ni. Á jókòó sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ká òwú bí ẹni tí kò bá wọn dá sí i. Bí òkúta bá pupa, á gbójú sókè, á kí àlejò: "Ilé ńkọ́?" Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé: "Oko ńkọ́?" Bí ó bá dà bí aró: "Ọ̀nà ńkọ́?" Bí àwọ̀ náà bá jinlẹ̀, á kí i lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn oníṣòwò a máa wí pé ní gbogbo Ìlọrin, kò sí obìnrin tó mọ èèyàn kí tó ìyàwó Yísà.

Ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni Ràúdátù kú. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni.

Yísà kò sunkún. Wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́, àwọn àlùfáà ṣe àdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ó ń wí pé "Àmín" níbi tó ti yẹ. Ó ń jẹ tùwó, ó dà bí ẹni ń jẹ páálí. Ikú tó wà lórí ìka rẹ̀ ti rìn gba apá, ó ti dé àyà.

Àsmá'ù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé ọkọ ní Òkè-Oyi. Òun nìkan ló tún mọ àṣírí ojú bàbá rẹ̀.

"Bàámi, ẹ wá máa bá wa gbé," ló wí. "Kí lẹ fẹ́ máa ṣe níhìn-ín?"

"Iṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ wo? Ta ni yóò máa béèrè oko fún yín?"

Kò sí ohun tó ń dun Yísà mọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ṣì wà tí kò fẹ́: kí ó di bàbá tó ń gbé nílé àna, tí yóò máa tẹ́tí sí odó láti mọ̀ bóyá wọ́n ti gúnyán, tí wọn yóò máa pè é wá jẹun bí ẹni ń pe adìyẹ. "Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi," ló wí níkẹyìn, "ni kó o wá kó ẹrù mi."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ogójì ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun àílà ọ̀sán, Garba wọlé. Hausa ni Garba, ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà lọ́nà Jọs ló ti ń ra òkúta wá. Fìlà rẹ̀ pupa fòò, ẹ óò rò pé ata ló fi rẹ ẹ́. Akọ̀wé ìjọba kan tẹ̀ lé e, Olúyẹmí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé ní GRA. Ó fẹ́ fi òkúta sí òrùka fún Fọláṣadé, tíṣà kan tó fẹ́ fẹ́.

"Sàlámù àléékúmù, Bàbá!"

"Wàálékúmù sàlámù."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá," ni Olúyẹmí wí. Ó dọ̀bálẹ̀, táì rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín," ni Yísà wí, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

"Bàbá, ẹ gbà mí lọ́wọ́ akọ̀wé yìí," ni Garba wí. "Òkúta tí mo gbé fún un, bó ṣe rí lójú oòrùn kọ́ ló ṣe rí nídìí fìtílà. Àwọ̀ méjì ni! Ó gbé e lọ sí GRA, ó dá a padà, ó ní kò yí."

"Kò yí," ni Olúyẹmí wí. "Mo ti fèrèsé, mo tan iná gígùn funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí àjà fún wa. Mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí. Bó ṣe wà níta ló wà nínú ilé. Ìgò ọtí ló gé fún mi."

"Ìgò ọtí! Èmi tí n kò gbóòórùn ọtí rí!"

"Ó dìgbà tó o bá mu ún kó o tó lè gé ìgò rẹ̀ ni?"

"Ẹ gbé e wá," ni Yísà wí.

Wọ́n pa ẹnu mọ́. Yísà fi ahọ́n kàn án. Ó tutù bí omi ìsàlẹ̀ àmù; ahọ́n nìkan ni kò tíì kú lára rẹ̀. Ó fi ha ìdí ìgò, ìgò náà ké ṣíín, àpá funfun sì hàn.

"Òkúta ni. Kì í ṣe ìgò."

Garba gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí Ọlọ́hun. Olúyẹmí tẹrí ba fún un: "Ẹ má bínú, Àlàájì."

Ó ku àwọ̀. Yísà rántí ọjọ́ tí Ràúdátù ti ṣọ́ọ̀bù kan dé ní Ọjà-Ọba, tó ní, "Bàbá Àsmá'ù, iná funfun tuntun yẹn, oòrùn inú ilé ni. Òwú kò yí ojú padà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí i nídìí fìtílà." Ó tún un sọ fún wọn bó ṣe gbọ́ ọ: "Iná GRA yẹn, oòrùn inú ilé ni. O ò tíì gbé òkúta yìí kúrò níta, akọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká tan fìtílà."

Wọ́n kọ́kọ́ wò ó lójú oòrùn. Lójú Yísà, ó dà bí omi eérú. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n tan fìtílà elépo kẹrosíìnì. Yísà gbé òkúta náà súnmọ́ iná. Omi eérú.

Ó gbọ́ tí bàtà Olúyẹmí dákẹ́ dídún lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ tí tẹ̀sùbáà Garba dúró. Ohun ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, níwájú ojú rẹ̀ gan-an, kò sì rí i. Kò bà á nínú jẹ́. Ó kàn yí etí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, ó ń dúró de ìkíni. Kẹ̀kẹ́ òwú Ràúdátù wà ní igun rẹ̀, òwú tí kò tíì ká tán sì wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ilé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè oko. Òbúkọ kan sín níta, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé àwọ̀ náà jinlẹ̀.

Ó mọ̀ pé òun lè méfò, kí òun kàn pe àwọ̀ kan ṣáá. Bí ó bá méfò bá a, ó di ọjọ́ òkúta mìíràn. Bí ó bá méfò tí kò bá a, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Gàmbàrí á ti gbọ́, á sì di Òkè-Oyi. Ó la ẹnu láti pe aró, ohun tó jáde ni: "Ẹni tó ń béèrè ilé ti lọ."

"Kí lẹ wí, Bàbá?" ni Olúyẹmí béèrè.

"Mo ní n kò rí i pé ó yí."

Garba di ògiri mú. Kò lè sọ̀rọ̀, òfin ni. Olúyẹmí wo òkúta, ó wo Yísà, ó tún wo òkúta. Ọjà pọ̀ọ́kú ló délẹ̀ fún un yìí. Ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "ẹ dárí jì mí pé mo sọ̀rọ̀. Ó yí. Mo rí i."

"Ẹ gbọ́!" ni Garba pariwo. "Olùrà ló ń gbèjà ọjà!"

"Ó yí lójú tiyín," ni Yísà wí. "Ojú tèmi ni nǹkan kò ti yí rí. N kò mọ pupa, n kò mọ àwọ̀ ewé. Ràúdátù ló ń wò ó fún mi. Tó bá pupa, á ní ilé ńkọ́. Tó bá jẹ́ ewé, á ní oko ńkọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí iyọ̀ jẹ́. "Ẹ gbé e lọ bá ẹlòmíràn."

Garba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìdí nìyẹn!" ló wí. "Ọdún mẹ́sàn-án! Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé òkúta bí ewé wá, ó máa ń bi mí ní oko. Èmi tí n kò mú ọkọ́ lọ́wọ́ rí! Mo máa ń délé sọ fún Binta ìyàwó mi pé obìnrin yẹn fẹ́ràn mi, ó rò pé mo lóko. Mo fẹ́ẹ̀ ra oko nítorí rẹ̀, Wálláhì!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ibi tó ń lọ, ó sì fi etí fìlà nu ojú. "Ọlọ́hun kẹ́ ẹ."

"Àmín," ni Yísà wí.

"Ẹlòmíràn wo lẹ ní ká gbé e lọ bá?" ni Olúyẹmí béèrè. "Àwọ̀ lẹ ò rí. Ahọ́n yín ló bá wa parí ìjà ìgò, ẹ̀yin náà lẹ sì parí ìjà iná."

Yísà ń yí òkúta náà po lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó ń dùn ún. Ó ń gbọ́ odó ilé àna ni.

"Ẹ wá sọ ọ́ sí mi létí," ló wí. "Lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kejì má gbọ́."

Garba tẹ̀ mọ́ etí ọ̀tún: "Lójú oòrùn, ewé ọkà bàbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Nídìí fìtílà, ẹ̀jẹ̀ àgbò iléyá!"

Olúyẹmí tẹ̀ mọ́ etí òsì: "Níta, ewé ewúro tó ti fẹ́ rọ. Níbí, ó dà bí obì pupa tí a là sílẹ̀ láti àná."

Yísà mi orí. "Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ohùn olùtà àti ohùn olùrà. Mo mọ bí irọ́ olùtà ṣe ń ga tó, mo mọ bí ti olùrà ṣe ń kúrú tó. Garba gbé òkúta yìí dé sánmà. Akọ̀wé tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ewé lẹ jọ pè, pupa lẹ jọ pè, nítorí náà ó yí. Orí igi ló wà. Ẹ ná an síbẹ̀."

"Irọ́ wo ni mo wá pa, Bàbá?" ni Olúyẹmí béèrè.

"Kékeré ni. Ojú sì tì ọ́ nígbà tó ò ń pa á."

Wọ́n ná an síbẹ̀, wọ́n sì gbà. Garba dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, Hàrúnà ọ̀rẹ́ mi ń gbé òkúta bọ̀ lọ́la. Ṣé kí n wá jókòó sí igun yìí, kí n máa béèrè ilé?"

"Ìwọ tó jẹ́ pé òkúta dúdú gan-an lo máa béèrè ilé fún? Máa lọ."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Yísà jókòó sórí àpótí Ràúdátù. Ó fa kẹ̀kẹ́ òwú mọ́ra, ó mú ìdì òwú tó wà nínú agbọ̀n, ó ń ká a. Ìka rẹ̀ kò mọ̀ bóyá òwú wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ó ṣáà ń ká a, títí òwú fi tán.

Àsmá'ù bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó ru iṣu mẹ́ta wá. Ó wo kẹ̀kẹ́ òwú.

"Bàámi, pupa àti ewé lẹ ká pọ̀ mọ́ra wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

Àsmá'ù kò tú u. Ó gbé iṣu kalẹ̀. "Ṣé kí n kó ẹrù yín?"

"Rárá," ni Yísà wí. "Iṣẹ́ ṣì wà."

Iṣẹ́ ṣì wà lóòótọ́, kò kàn tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ò lè máa sọ òkúta wúyẹ́wúyẹ́ sí etí àgbàlagbà, wọn ò padà wá. Àwọn mìíràn ń wá, pàápàá àwọn tó fẹ́ gbọ́ bí irọ́ àwọn ṣe ga tó. Ohun tí wọ́n ń fún un tó fún ẹ̀kọ, ó tó fún kẹrosíìnì. Ọdún méje ló fi ṣe é, kò sì gbé nílé àna títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ẹ dúró o. Eyín mi ń mì, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀kọ tó dé. Mo ní fìlà Garba pupa fòò. Ẹ gbà mí gbọ́. Yísà ló sọ ìtàn yìí fún mi. Ta ló sọ àwọ̀ fìlà fún Yísà? Èmi ni mo rẹ fìlà yẹn.