Ibi tí Ẹ́ńjìnnì Bámgbóyè Yóò Máa Mí Sí

Odidi ọdún méjì ni Bámgbóyè, tíṣà sáyẹ́ǹsì, fi to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jọ fúnra rẹ̀ níwájú ilé wọn ní Òkè-Ìlá, l'Adó. Ara ọkọ̀ tó gbókìtì ló ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Páànù ara rẹ̀, òun ló fi òòlù lù ú. Torí Àyọ̀kẹ́, ìyá rẹ̀, ló ṣe ń ṣe é. Ó ti sú u kí ìyá òun máa gun ẹ̀yìn lọ́rì lọ sí Igbemo, ìlú tí wọ́n bí ìyá náà sí.

Ọkọ̀ ń lọ, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Èémí nìkan ló kù. Ẹ́ńjìnnì a máa mí bí èèyàn: èéfí olóòórùn ọ́ìlì ń gba ihò kan jáde lórí rẹ̀, rọ́bà ló sì yẹ kó gbé e lọ síta. Bámgbóyè dojú rọ́bà kọlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ dí i. Ó darí rẹ̀ sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ọ́ìlì bo púlọ́ọ̀gì, ọkọ̀ ń sín bí ẹni tó fín aáṣáà. Ó yọ rọ́bà dànù, èéfí wọlé wá bá a lórí ìjókòó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó wọ̀ ọ́ wò,” ni Àyọ̀kẹ́ wí. “Lọ́jọ́ ìkórè. Bó bá gbé mi lọ, tó gbé mi bọ̀ wá sí ulé bí ọmọ èèyàn, mo ti jáwọ́ nínú lọ́rì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má pè mí sí i mọ́.”

Bámgbóyè bá ra rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ó fà á gba abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó là á gba inú bútù, ó yọ ẹnu rẹ̀ síta lẹ́yìn ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí jẹun.

Wọ́n dé Igbemo wẹ́rẹ́. Àyọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì bí ìyàwó mínísítà. Ṣùgbọ́n ta ní ń ti Igbemo bọ̀ lọ́wọ́ òfo nígbà ìrẹsì tuntun? Àwọn ẹbí kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Àyọ̀kẹ́ di àpò ìrẹsì méjì sínú bútù. Bámgbóyè gan-an ló bá a gbé e.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí òórùn fi gbòde. Bámgbóyè ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ti fò jáde, ọ́ìlì tú káàkiri. Ó sáré ṣí bútù. Ooru ti sọ rọ́bà di jọ̀bọ̀tọ̀, ìrẹsì sì ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Kò síbi tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ mí sí.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ ìrẹsì kalẹ̀.”

“Ìrẹsì ẹ̀gbọ́n mi, lójú títì? Rọ́bà tìrẹ ni kí o sọ kalẹ̀.”

“Èéfí á wọlé bá wa.”

“Ṣé ìrẹsì ló ní kó máa mí ni?”

Bámgbóyè já rọ́bà, ó bu ọ́ìlì sí i, ó ti irin padà. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé. Títí wọ́n fi dé Adó, Àyọ̀kẹ́ fi gèlè bo imú. Aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí ìkórè ti dà bí aṣọ mẹkáníìkì.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àyọ̀kẹ́ tún ń lọ sí Igbemo. Bámgbóyè wakọ̀ lọ bá a níbi tó ti ń dúró de lọ́rì.

“Màámi, mo ti fi páìpù irin sí i. Kò sí ohun tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́.”

“O ṣeun. Gbé e lọ han àwọn ọmọ iléèwé rẹ.”

Lọ́rì dé. Ìyá rẹ̀ ká ìró sókè, ó gùn ún.